Ẹ̀kọ́ Ńlá Lára Kantíkantí: Ohun Tí Ń Pọ̀ Sí I Gbọ́dọ̀ Mọ Ìgbà Ìdúró

Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò mọ kantíkantí. Òun ni kòkòrò bíńtín tí í máa fò yí ẹnu akèrègbè ẹmu ká, tí í sì í bà lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti pọ́n jù. Ẹni tó ń mu ẹmu a fẹ́ ẹ kúrò lójú ife. Ẹni tó ń ta èso a fi abẹ̀bẹ̀ lé e lọ. Èmi náà kò kà á sí nǹkankan, títí di ọjọ́ tí ọmọ ilé-ìwé mi kan bi mí ní ìbéèrè tí n kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè yìí ló gbé mi dé ibi tí n kò rò, òun náà ló sì jẹ́ kí n mú kálàmù lónìí láti bá ẹ̀yin tí ẹ ń tajà àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé wa ni ìyá kan ti ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó. Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ kan mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà wọ kíláàsì, kantíkantí sì bò ó. Ó ní, “Tíṣà, ṣé inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí gan-an ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí ti ń jáde ni?” Mo ní rárá, pé ìyá wọn ló wá yé ẹyin sí i, ẹyin di ìdin, ìdin sì di kantíkantí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ náà tún ní, “Ẹyin kan ṣoṣo, tíṣà! Báwo ló ṣe ń di ojú, ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ mẹ́fà? Ta ló ń sọ fún un pé ó tó?”

Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ wá ìdáhùn wá.

A kọ́kọ́ fi ojú ara wa wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. A wá ìgò méjì, a sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu ọ̀kan lójú ẹsẹ̀. A fi ẹnu èkejì sílẹ̀ fún ọjọ́ kan kí kantíkantí lè wọlé, lẹ́yìn náà a lé wọn jáde, a sì bo òun náà. Kò ju bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ, kantíkantí tuntun ti ń fò nínú ìgò kejì, kò sì sí ẹyọ kan nínú ti àkọ́kọ́. Èyí parí ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìbéèrè kejì, “Ta ló ń sọ fún un pé ó tó?”, òun ló mú mi jókòó ti ìwé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ alẹ́.

KÒKÒRÒ TÍ KÒ KÉRÉ LÓJÚ Ọ̀MỌ̀WÉ

Oríṣiríṣi ni kantíkantí, ṣùgbọ́n èyí tó lókìkí jù lọ láàárín àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ń pè ní Drosophila melanogaster. Gígùn rẹ̀ kò ju bíi mílímítà 3 lọ. Àwọn tó tọpa ìran rẹ̀ sọ pé ilẹ̀ Áfíríkà, ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, ni orísun rẹ̀, àti pé ó tẹ̀lé ọmọ ènìyàn ká gbogbo ayé. Nítorí náà, ọmọ ilé ni, kì í ṣe àlejò.

Ní ọdún 1910, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Thomas Hunt Morgan, ní Yunifásítì Columbia ní ìlú New York, rí akọ kantíkantí kan tí ojú rẹ̀ funfun láàárín àwọn tí ojú wọn pọ́n. Láti ara rẹ̀ ni ó ti fi hàn pé orí àwọn okùn tíńtínní kan nínú ara, tí à ń pè ní kúrómósómù, ni ohun àjogúnbá wà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1933. Ìdí tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi fẹ́ràn kòkòrò yìí kò ṣòro: oúnjẹ rẹ̀ kò wọ́n, ẹyin rẹ̀ a di àgbà láàárín bí ọjọ́ mẹ́wàá, kúrómósómù rẹ̀ sì jẹ́ méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin péré, nígbà tí ti ènìyàn jẹ́ méjì-méjì lọ́nà mẹ́tàlélógún. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo ìwé àjogúnbá rẹ̀ tán ní ọdún 2000, wọ́n rí i pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn jíìnì tó so mọ́ àìsàn ọmọ ènìyàn ló ní ìbátan lára kantíkantí. Ní Yunifásítì Ìbàdàn tiwa níhìn-ín pàápàá, àwọn onímọ̀ ti ń fi kòkòrò yìí ṣe ìwádìí.

ẸRÙ TÍ ÌYÁ DÌ FÚN ỌMỌ

Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni a fi yàrá kéékèèké kọ́, bí ìgbà tí a fi bíríkì kọ́ ilé. Yàrá wọ̀nyí ni sẹ́ẹ̀lì. Inú sẹ́ẹ̀lì ni kóró kan wà, inú kóró sì ni ìwé àjogúnbá wà. Kí ara tó lè dàgbà, sẹ́ẹ̀lì kan ní láti pín sí méjì, kí a sì da ìwé inú kóró kọ kí olúkúlùkù lè rí odidi gbà. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni púrótíìnì. Ẹ má ṣe rò pé inú ẹ̀wà àti ẹyin tí à ń jẹ nìkan ni púrótíìnì wà o. Nínú sẹ́ẹ̀lì, òun ni alágbàṣe, òun ni okùn, òun ni ẹ̀rọ, òun náà sì ni olùṣọ́.

Ní kété tí ìyá kantíkantí bá ti yé ẹyin rẹ̀, kóró inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Bí ooru ibẹ̀ bá tó ìwọ̀n 25 ti Celsius, ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án péré ni ìpín kọ̀ọ̀kan ń gbà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń dín dòdò kò ní í tíì dín àwo kan tán tí ọ̀kan yóò ti di méjì, tí méjì yóò sì ti di mẹ́rin. A ṣe ìṣirò yìí lójú pátákó: 2, 4, 8, 16, títí dé ìpín kẹtàlá. Ó jẹ́ 8,192. Ṣùgbọ́n bíi 6,000 ni àwọn onímọ̀ kà lójú ẹyin. Ìṣirò wa kò ṣìnà: àwọn kóró kan kì í bá ẹgbẹ́ wọn jáde sí ojú ẹyin, wọ́n a dúró sí àárín, wọn kì í sì í pín dé òpin. Ohun ìyanu mìíràn ni pé ní gbogbo àkókò yìí kò sí ògiri kankan láàárín wọn. Inú yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà, bí agbo ilé tí a kò tíì pín yàrá rẹ̀. Ó ń lọ sí wákàtí mẹ́ta kí ògiri tó yí olúkúlùkù ká tán.

Ibo ni ọmọ tí a kò tíì rí ti rí ohun èlò fún iṣẹ́ kíákíá báyìí? Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Kí ìyá tó yé ẹyin ló ti kó púrótíìnì ìpín sẹ́ẹ̀lì sínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí a fi ń ṣe wọn. Ó dà bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ìdálẹ̀, tó di gàrí, ẹja gbígbẹ àti owó ọkọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹrù ìyá kì í pẹ́ títí. Lẹ́yìn ìpín kẹtàlá, a ó ba púpọ̀ nínú ẹrù náà jẹ́, ó sì di dandan kí ọmọ máa ṣòwò fúnra rẹ̀.

ÀGÁDÁGODO ÀTI KỌ́KỌ́RỌ́

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ṣàlàyé. Púrótíìnì kan wà tí à ń pè ní Cdk1. Òun ni ọ̀gá tí ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pín. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yìí kò lè dá iṣẹ́ ṣe bí ẹnìkejì rẹ̀ kò bá dé. Ẹnìkejì ni Cyclin. Cyclin a máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àkókò ìpín ti ń súnmọ́lé. Bí ìpín bá sì ti ń parí, a ó ba tirẹ̀ jẹ́, kí iṣẹ́ lè dúró. Tim Hunt, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ rí i ní 1982, nínú ẹyin ẹranko ẹlẹ́gùn-ún kékeré kan tí ń gbé inú òkun.

Bí ọ̀gá àti ẹnìkejì rẹ̀ tilẹ̀ dé, ṣọ́ọ̀bù kò tíì ṣí. Púrótíìnì mìíràn, Wee1, a máa fi àgádágodo há ọ̀gá mọ́. Àgádágodo yìí ni èròjà fọ́sífétì bíńtín tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣí i ni púrótíìnì tí a ń pè ní String. Bí String bá dé, àgádágodo a já, sẹ́ẹ̀lì a sì pín.

Jíìnì tí String ti ń wá wà lára àwọn tí Christiane Nüsslein-Volhard àti Eric Wieschaus pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣàwárí ní ìlú Heidelberg ní ilẹ̀ Jámánì, nígbà tí wọ́n ń wá ohun tí ń tò ara ọmọ kantíkantí. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1995. Ní 1989, Bruce Edgar àti Patrick O'Farrell, ní ìlú San Francisco, fi iṣẹ́ jíìnì náà hàn. Ọmọ kantíkantí tí jíìnì yìí bàjẹ́ lára rẹ̀ yóò pín kóró rẹ̀ nígbà mẹ́tàlá láìsí wàhálà, nítorí kọ́kọ́rọ́ tí ìyá rẹ̀ dì fún un ló ń lò. Nígbà tó bá kan ìpín kẹrìnlá, yóò dúró gbọn-in. Ọ̀gá wà níbẹ̀, Cyclin wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ni kò sí. Ọmọ náà yóò kú sínú ẹyin. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n fi ọgbọ́n mú kí String yọ ní gbogbo ara ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yẹ kí wọ́n pín sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín.

Ẹ gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Láti ìpín kẹrìnlá lọ, gbogbo sẹ́ẹ̀lì kì í pín lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Àdúgbò-àdúgbò ni wọ́n ń pín, olúkúlùkù ní àkókò tirẹ̀, bí ọjà tí ń ná ní ìlú kan lónìí àti ní ìlú mìíràn lọ́la. Victoria Foe ló ya àwòrán àwọn àdúgbò yìí ní 1989. Àdúgbò tí String bá ti kọ́kọ́ yọ ni yóò kọ́kọ́ pín. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ká wọ inú láti di ẹran ara ní púrótíìnì tí ń bá wọn dá String dúró díẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Tribbles. Bí Tribbles kò bá sí, wọn a pín ṣáájú àkókò, kíká wọn a sì bàjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì kò lè máa pín kí ó sì máa yí ara rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí obìnrin kò ti lè máa di irun kí ó sì máa gún iyán.

TA LÓ Ń SỌ PÉ Ó TÓ?

Nísinsin yìí a dé orí ìbéèrè ọmọ ilé-ìwé mi. Púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí yóò di awọ ara ọmọ kantíkantí a máa pín dé ìgbà kẹrìndínlógún, wọn a sì dúró. Kì í ṣe pé oúnjẹ tán ni wọ́n fi dúró. Púrótíìnì kan ló yọ tó sọ pé ó tó. Orúkọ rẹ̀ ni Dacapo, àwọn ọ̀mọ̀wé sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní 1996. Òun a máa di irú Cyclin kan tí ń bẹ̀rẹ̀ ìdàkọ ìwé tuntun, tí à ń pè ní Cyclin E, àti ẹnìkejì rẹ̀ mú. Bí Dacapo kò bá sí, àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí a tún pín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un ní orúkọ yìí: nínú ìwé orin, Dacapo túmọ̀ sí pé kí a tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo sọ fún àwọn ọmọ pé, “Ẹ wò ó, dídàgbà kọ́ ni iṣẹ́ tó ṣòro jù. Dídúró ni.” Wọ́n pariwo pé, “Dacapo!” Wọ́n sì ń fi orúkọ náà pe ẹni tí kò bá mọ ìgbà tí yóò dákẹ́.

Ṣé ti kòkòrò nìkan ni? Rárá o. Ní 1987, Paul Nurse àti Melanie Lee mú jíìnì ọ̀gá náà láti ara ènìyàn, wọ́n fi sínú ìwúkàrà tí tirẹ̀ ti bàjẹ́, ìwúkàrà náà sì ń pín bó ti yẹ. Nurse, Hunt àti Leland Hartwell jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001. Ènìyàn ní String tirẹ̀, Cdc25 ni wọ́n ń pè é. Ènìyàn ní ìbátan Dacapo, p27 ni orúkọ rẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá pọ̀jù tàbí tí ẹni tó ń sọ pé ó tó bá dákẹ́, sẹ́ẹ̀lì lè máa pín láìní ìjánu. Ohun tí à ń pè ní jẹjẹrẹ nìyí. A ti rí i pé Cdc25 pọ̀ ju bó ti yẹ lọ nínú àwọn jẹjẹrẹ kan, ti ọmú sì wà lára wọn. Láti ara ìmọ̀ yìí ni oògùn ti ń wá. Oògùn kan, palbociclib, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2015 fún irú jẹjẹrẹ ọmú kan, àwọn ìbátan ọ̀gá Cdk1 gan-an ló ń dí lọ́wọ́.

OHUN TÍ ÌYÁ ỌLỌ́GẸ̀DẸ̀ SỌ

Fèrèsé kíláàsì mi kọjú sí ibi tí Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ń jókòó sí. N kò mọ̀ pé ó ń fetí sí wa. Nígbà tí a jáde ilé-ìwé lọ́jọ́ náà, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú o. Ohun tí ẹ ń sọ fún àwọn ọmọ yẹn, pé nǹkan ń pọ̀ tí kò mọ ìgbà tí yóò dúró. Ṣé ó lè wà lára ènìyàn láìdùn ún?”

Mo ní, “Kí ló dé, Màmá?”

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní kókó kan wà lọ́mú òun. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò ju kóró ẹ̀wà lọ; nígbà tó yá ó dà bíi kóró àgbálùmọ̀; báyìí ó ti tó ọsàn wẹ́wẹ́. Kò dun òun, nítorí náà òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan tó rí i ní iṣẹ́ ayé ni, ó sì fún òun ní àgbo. Ó ní, “Mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá sọ, wọn kò ní í ra ọjà lọ́wọ́ mi mọ́.”

Mo ní, “Màmá, èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì lè sọ ohun tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ kókó ló wà tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fi awò wò ó ló lè mọ̀.” Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó mi bá a lọ sí ọsibítù. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fi awò wò ó. Jẹjẹrẹ ni.

N kò ní í parọ́ fún yín pé ó rọrùn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó gba oògùn tó mú irun rẹ̀ re, owó sì bá a lọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ta ilẹ̀ kan. Dókítà sọ níṣojú ìyàwó mi pé bó bá jẹ́ ìgbà tó wà bíi kóró ẹ̀wà ló wá, iṣẹ́ náà ìbá kéré ju báyìí lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí ní gbogbo oṣù mẹ́jọ yẹn, ojoojúmọ́ ni mo ń kí i, tí mo ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Títí di òní, ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni í jókòó ti ọjà ní ọjọ́ tí kò bá lè wá. Ṣùgbọ́n ó padà sí ẹnu ọ̀nà wa, àwọn oníbàárà rẹ̀ kò sì sá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rí i tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀, tí kantíkantí bo ìbẹ́pẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ kò lé wọn mọ́?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ èyí tó ti rà yẹn, tíṣà. Wọ́n ti san owó rẹ̀.”

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi lọ́jà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi nìyí. Kókó lọ́mú kì í ṣe ohun ìtìjú. Jẹjẹrẹ kì í ràn, ẹnikẹ́ni kò sì lè kó o láti ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí owó. Àìdùn rẹ̀ kì í ṣe àmì pé kò léwu. Ọkùnrin pàápàá a máa ní i, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀. Bí ẹ bá rí kókó tí ẹ kò mọ̀ rí, tàbí tí orí ọmú wọnú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀, ẹ má ṣe dúró de oṣù mẹ́jọ. Ẹ lọ fi hàn dókítà ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ̀yin tíṣà, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí, ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀. Ẹ kò mọ ẹni tó jókòó sí ìsàlẹ̀ fèrèsé.

Àwọn àgbà ní kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò; bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bí ara bá gbàgbé láti sọ fún ohun kan pé ó tó, ẹ jẹ́ kí a tètè bá a sọ ọ́. Ó dìgbà kan ná.